Akẹ́kọ̀ọ́, Báǹkì àti Kànga Bárúwà

Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìtàn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́kọ́ lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sókè. Bárúwà ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ìbéèrè mi jìnnà díẹ̀ sí ohun tí ẹ ń kọ́ wa. Mo kà á pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó owó wọn kúrò ní báǹkì tí ó bá ń yá àwọn elépo rọ̀bì lówó. Omi kànga ilé wa kò ṣeé mu láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Ǹjẹ́ owó tí èmi náà fi pamọ́ sí báǹkì lè wà lára owó tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò ní ìdáhùn lẹ́nu. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ rò ó. Ohun tí mo rò ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa Bárúwà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Àdúgbò kan ni ní agbègbè Ìpájà àti Ayọ̀bọ́, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tí owó ilé àárín Èkó ti ga jù fún ti ra ilẹ̀, tí wọ́n kọ́lé, tí olúkúlùkù sì gbẹ́ kànga sí àgbàlá rẹ̀. Kànga yìí ni ó gbé Bárúwà dé inú ìwé ìròyìn. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn olùgbé ibẹ̀ ti ń ké gbàjarè pé bẹntiróòlù wà nínú omi àwọn. Ọ̀pá epo ìjọba ni ó gba abẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà kọjá, ara ọ̀pá gígùn tí ó ń gbé epo láti Atlas Cove ní etí òkun Èkó lọ sí Mosimi ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti sí ibùdó epo tí ó wà ní Èjìgbò. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti yunifásítì ti bu omi ibẹ̀ yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì rí epo nínú rẹ̀.

Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Ní Bárúwà, omi rí ọ̀tá, abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀tá náà sì gbà wá. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ kànga wá di ẹni tí ń dúró de mẹ́ruwà. Àwọn àdúgbò tí ó wà nítòsí kò sì bọ́ lọ́wọ́ epo yìí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, lẹ́yìn tí àwọn olè ti lu ọ̀pá epo ní Abúlé Ẹ̀gbá, iná sọ, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tí wọ́n ń gbọ́n epo. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ní Ìjẹ̀gùn, katapílà tí ń la ọ̀nà gbá ọ̀pá epo; iná náà dé ilé-ìwé, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó kú. Ó yẹ kí a rántí nǹkan wọ̀nyí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́ ni ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ẹnìkan lè wí pé epo ni mo ń sọ, báǹkì ńkọ́? Èsì mi ni pé ọ̀pá epo kì í hù bí igi. Owó ni a fi ń rì í, owó ni a fi ń gbẹ́ kànga epo, owó ni a sì fi ń ra ọkọ̀ tí ó ń gbé epo náà kiri. N kò sọ pé owó akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ó rì ọ̀pá Bárúwà. Ìjọba ni ó rì í kí a tó bí ọmọ náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ti rí ojú ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ àgbà kì í wò. Gbogbo wa ni a gbọ́ ìròyìn alájọ Ṣómólú, tí orí rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gba àjọ lọ́wọ́ gbogbo ọjà láìkọ orúkọ ẹnìkan sílẹ̀, tí ó sì ń dá owó oníkálukú padà láìṣì í. A ń yìn ín nítorí pé ó dá owó padà. A kì í bi í léèrè ibi tí owó náà gbé ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Báǹkì ni alájọ wa lónìí, kì í sì í rì owó wa mọ́lẹ̀ sínú ìkòkò. Ó ń yá a fún ẹlòmíràn, ó ń gba èlé lórí rẹ̀, ó sì ń fún wa ní díẹ̀ níbẹ̀. Níbo ni owó wa ń sùn kí ó tó padà wálé? Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè nìyẹn, kò sì jẹ́ tuntun láàárín wa.

Ọdún 1925 ni Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Ọdún yẹn gan-an ni báǹkì Barclays gba Colonial Bank, tí ó ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1917, tí ó sì sọ ọ́ di Barclays D.C.O. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dàgbà ni báǹkì náà ń dàgbà. Ẹ̀sùn tí àwọn ènìyàn wa fi kan àwọn báǹkì òyìnbó ní àkókò náà ni pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ń yá a fún iléeṣẹ́ aláwọ̀ funfun. Bí oníṣòwò ará Èkó bá fẹ́ yá owó, wọn a ní kò ní ohun ìdúró. Ẹ̀sùn yìí ni ó jẹ́ kí Dókítà Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní ọdún 1933. Ní ọdún 1945, Olóyè Okupe dá Agbọ́nmágbẹ Bank sílẹ̀, èyí tí ó di Wema Bank lẹ́yìn náà. Àwọn baba wa mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe iye owó nìkan ni ó ṣe pàtàkì, bí kò ṣe ẹni tí owó náà ń ṣiṣẹ́ fún.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ó tó nǹkan bí ọdún 1970 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dojú ìjà kọ Barclays. Ẹ̀sùn wọn kò lọ́jú pọ̀. Báǹkì yìí ti ta gbòǹgbò ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ti ń fi òfin ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara. Ní ọdún 1976, ẹ̀ka rẹ̀ níbẹ̀ tilẹ̀ ra ìwé ẹ̀yáwó tí ìjọba ọ̀hún fi ń kó owó jọ fún iṣẹ́ ogun. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọgbọ́n hàn ni ibi tí wọ́n yàn láti dúró sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn báǹkì a máa wá fi ẹ̀bùn wẹ́wẹ́ fa ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́ra, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣí ìwé owó sí báǹkì kan ní ọmọ ogún ọdún kì í sábà kúrò níbẹ̀ mọ́. Owó akẹ́kọ̀ọ́ kéré, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ òní ni dókítà àti lọ́yà ọ̀la. Níbẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí, tí wọ́n ń pín ìwé, tí wọ́n ń sọ fún ẹni tuntun pé kí ó yan báǹkì mìíràn. Wọ́n yí orúkọ báǹkì náà po di “Boerclaysbank”, nítorí Boer ni a ń pe irú-ọmọ àwọn àgbẹ̀ ará Họ́láńdì tí wọ́n tẹ̀dó sí Gúúsù Áfíríkà. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1986, Barclays kéde pé òun ń ta ìpín tí ó kù fún òun ní Gúúsù Áfíríkà, òun sì ń kó ẹrù òun kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ọrọ̀ ajé Gúúsù Áfíríkà ti ń mì lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà náà sì ti ń fa owó wọn yọ. Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá báǹkì náà gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí ba òwò àwọn jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà nílé.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí èmi fúnra mi. Ọmọ kékeré ni mo jẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ wa gbé páálí kan síwájú kíláàsì, tí ó gé ojú ihò sí i lórí, tí ó sì ní kí a mú kọ́bọ̀ wá fún àwọn ọmọdé tí wọ́n ń yìnbọn lù ní Gúúsù Áfíríkà. N kò mọ ibi tí Gúúsù Áfíríkà wà. Kọ́bọ̀ márùn-ún tí ó yẹ kí n fi ra mọ́ínmọ́ín ni mo sọ sínú páálí náà, ebi sì pa mí di ọ̀sán. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1976, lẹ́yìn ìpànìyàn Soweto, ìjọba wa dá àpò ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ará gúúsù, pé òṣìṣẹ́ ìjọba yọ nínú owó oṣù wọn sí i, àti pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi oúnjẹ ọ̀sán du ara wọn nítorí rẹ̀.

Ìjọba náà kò dúró lórí ìtọrẹ. Ní ọdún 1978, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba kó owó wọn kúrò ní Barclays ti Nàìjíríà nítorí ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1979, báǹkì náà yí orúkọ padà, ó di Union Bank. Ní ọdún kan náà ni ọwọ́ kan iléeṣẹ́ epo. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ní ọjọ́ kan péré kí àwọn olórí Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì tó péjọ sí Lusaka, Nàìjíríà gba gbogbo ìpín tí BP ní nínú epo wa, nítorí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà kí BP ṣe ètò tí epo yóò fi máa dé Gúúsù Áfíríkà. Iléeṣẹ́ tí ń ta epo BP ní ojú pópó wa di African Petroleum, AP tí gbogbo wa mọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1980, Zimbabwe gba òmìnira. Báǹkì àti epo ni Nàìjíríà fi jagun lọ́dún wọnnì, kò sì sí ọmọ Áfíríkà tí kò lè fi í yangàn.

Ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó bá sọ èyí tí ó dùn tí ó fi èyí tí ó korò pamọ́, kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé. Ọdún 1978 kan náà tí ìjọba gba ohun ìjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ni ó kọ ìbọn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Nígbà tí owó oúnjẹ ní yunifásítì fò sókè, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Ṣẹ́gun Òkéòwò dìde, ìdìde tí a mọ̀ sí “Ali Must Go”, nítorí Ọ̀gágun Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n yìnbọn pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó. Ìjọba tí ó ń béèrè lọ́wọ́ báǹkì òkèèrè pé kí ni ẹ ń fi owó ṣe, kò fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Èyí ni kókó ohun tí mo ní láti sọ. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. A mú ọ̀bẹ wa, a fi gé Barclays, a fi gé BP, ó sì mú. Àmọ́ nígbà tí epo di tiwa, tí báǹkì di tiwa, a ti ọ̀bẹ náà bọ inú àkọ̀. A rò pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ ara ilé bá ti wà lára pátákó, ìwà ibi ti tán. A kò béèrè pé kí ni epo yìí, tí ó ti di ti ọmọ Áfíríkà, yóò ṣe fún ilẹ̀, fún odò, fún kànga. Orúkọ oyinbo ti kúrò lára AP nígbà tí bẹntiróòlù ń rọra wọ inú kànga Bárúwà. Ọ̀pá tí ó ń gbé e kì í ṣe ti ọ̀tá tí ó ti òkèèrè wá, ti ìjọba wa ni. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọmọ kíláàsì mi kà nípa wọn. Ọmọ àwọn tí wọ́n bá Barclays jà ni wọ́n. Èéfín epo, èédú àti gáàsì ni ó ń mú ayé gbóná, tí ó ń mú òjò ṣe ségesège, tí ó sì ń ti òkun gòkè wá. Ní nǹkan bí ọdún 2011, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Swarthmore ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún àwọn aláṣẹ wọn pé kí wọ́n kó owó kọ́lẹ́ẹ̀jì kúrò nínú iléeṣẹ́ tí ń wa nǹkan wọ̀nyí. Ní ọdún 2014, Yunifásítì Glasgow ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní Yúróòpù. Harvard gbà ní ọdún 2021. Nígbà tí ó fi di ọdún 2022, yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ti pé 100. Lẹ́yìn náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí ojú sí báǹkì, nítorí wọ́n rí i pé ẹni tí ó ta ìpín rẹ̀ nínú iléeṣẹ́ epo, tí ó sì fi owó rẹ̀ sí báǹkì tí ń yá iléeṣẹ́ náà lówó, ẹsẹ̀ kan ni ó yọ nínú ẹrẹ̀. Àwọn tí ń ka owó báǹkì kárí ayé sì fi hàn pé láti ìgbà àdéhùn Paris ti ọdún 2015, Barclays ni ó yá àwọn elépo àti eléèédú lówó jùlọ nínú àwọn báǹkì Yúróòpù. Bí orúkọ àtijọ́ ṣe tún wọ inú ìtàn nìyẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Barclays kéde pé òun kò ní máa yá owó ní tààràtà mọ́ fún wíwa kànga epo àti gáàsì tuntun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà pé ìkéde náà tó, torí ọ̀nà tí kì í ṣe tààràtà ṣì wà.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí, kí ó wo Uganda. Wọ́n ń rì ọ̀pá epo kan níbẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1,443 kìlómítà, láti Hoima dé èbúté Tanga ní Tanzania. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án ní Kampala nítorí pé wọ́n ń wọ́de lòdì sí i. Ọ̀pọ̀ báǹkì ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sọ pé àwọn kò ní fi owó sí i. Ta ni ó wá fi owó sí i? Nígbà tí wọ́n kéde apá àkọ́kọ́ owó náà ní oṣù Kẹta ọdún 2025, báǹkì Áfíríkà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó yá wọn. Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn orílẹ̀-èdè elépo Áfíríkà ti fẹnu kò láti dá báǹkì kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi owó ti epo àti gáàsì lẹ́yìn. Ní ọdún 2024 ni wọ́n yan Àbújá gẹ́gẹ́ bí ibùjókòó rẹ̀. Nítorí náà, bí ìlẹ̀kùn Lọ́ńdọ̀nù ti ń sé, ìlẹ̀kùn tiwa ni ó ń ṣí. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ Bárúwà kì í ṣe ohun tí ó yá lò lọ́wọ́ òyìnbó. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni ó wà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yó ni èyí. Èéfín tí gbogbo Áfíríkà ń rú kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà, Ṣáínà àti Yúróòpù. Àwọn tí wọ́n fi èédú àti epo kọ́ ìlú tiwọn kò ní ẹnu láti dá wa lẹ́kun. Òtítọ́ ni. Wọn yóò tún ní epo ni ó ń bọ́ Nàìjíríà. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Owó epo wà nínú owó oṣù mi, ó wà nínú bíríkì gbọ̀ngàn tí mo ń kọ́ni nínú rẹ̀. N kò ní jókòó sínú ilé kí n máa bú igi tí a fi kọ́ ọ.

Àmọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ohun méjì. Èkíní ni pé kì í ṣe epo ni ó kọ́kọ́ rán ọmọ Yorùbá lọ sí ilé-ìwé. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 1955 àti Ilé Kókó tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965, owó oko ni ó gbé wọn ró. A ti gbé ilé kan rí láìsí epo. Èkejì ni pé owó tí báǹkì wa ń kó lé epo lórí kò ní ààbò tó bí a ti ń rò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yọ ọ̀gá báǹkì márùn-ún nípò. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n yọ mẹ́ta sí i. Lára ohun tí ó fà á ni owó rẹpẹtẹ tí àwọn báǹkì yá àwọn tí ń kó epo wọlé àti àwọn tí ń ra ìpín lọ́jà, tí wọn kò rí san. Union Bank, Barclays àtijọ́, wà lára márùn-ún àkọ́kọ́. Ní ọdún 2010, ìjọba ní láti dá iléeṣẹ́ AMCON sílẹ̀ láti ra àwọn gbèsè tí ó ti bàjẹ́. Ẹni tí ó ń gbé owó rẹ̀ sí báǹkì láàárín àkókò yẹn jẹ́ alábàápín nínú òwò epo, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí owó rẹ̀ ń sùn kò lè mọ ìgbà tí ewu bá kàn án.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe? N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó sáré lọ kó ẹgbẹ̀rún mélòó kan tí ó ní jáde lọ́la. Bí a bá wò ó dáradára, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí báǹkì ńlá kan ní Nàìjíríà tí kì í yá elépo lówó. Níbo ni yóò kó o lọ? Ọgbọ́n tí ìtàn fi kọ́ wa ni pé bíbéèrè ni ó ṣáájú kíkó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Àti pé, ìbéèrè tiwa ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2012, àwọn báǹkì wa pẹ̀lú Báǹkì Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà mẹ́sàn-án, nínú èyí tí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa yẹ ìpalára tí iṣẹ́ tí àwọn ń yá lówó lè ṣe fún ènìyàn àti àyíká wò kí àwọn tó yá a. Wọ́n tilẹ̀ ya ìlànà kan sọ́tọ̀ fún epo àti gáàsì. Ìlérí wà nílẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí a ṣèlérí fún tí kò béèrè, òun àti ẹni tí ó gbàgbé ìlérí ni wọ́n jọ jẹ̀bi. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ lẹ́tà sí báǹkì tí ó ní ẹ̀ka nínú ọgbà wọn, kí wọ́n ní: ẹ sọ fún wa, mélòó nínú owó wa ni ó wà lọ́dọ̀ elépo? Nígbà tí ẹ yá wọn, ǹjẹ́ ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí kànga àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá? Bí ọ̀pá bá jò, ta ni yóò tún ilẹ̀ ṣe, owó rẹ̀ ńkọ́? Ẹnu ẹnìkan kò ní dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá báǹkì. Ẹnu ẹgbẹ̀rún méjì yóò dé ibẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Nígbà tí a tún pàdé ní kíláàsì, mo dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, owó rẹ lè wà níbẹ̀, ìwọ àti èmi kò sì lè mọ̀ títí tí a ó fi béèrè.” Ó ní, “Mà, ṣé wọn yóò dá wa lóhùn?” Mo ní n kò lè ṣèlérí ìyẹn, pé ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí Ṣólańkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1925, kò sí ẹni tí ó ń dá wọn lóhùn. Ó jókòó, ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Páálí tí olùkọ́ mi gbé síwájú wa láyé ìjọ́un kọ́ mi pé kọ́bọ̀ márùn-ún ọmọdé lè dé ibi tí ọmọdé náà kò mọ̀. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà nítorí iṣẹ́ rere ni a fi kọ́bọ̀ náà rán. Ohun tí ó kù fún wa ni láti gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún kọ́bọ̀ tí a kò fi iṣẹ́ kankan rán, tí a kàn gbé fún alájọ, tí a sì lọ sùn.